Láti Ẹnu Ìyá Ọmọ dé Inú Kọ̀ǹpútà: Yíyí Ìròyìn Ikú Ọmọdé Padà sí Dátà Elétò, pẹ̀lú Àpẹẹrẹ láti Ògbooro

1.0 Ìfáárà

Ògbooro jẹ́ ìlú àgbẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ṣakí, ní agbègbè Òkè-Ògùn, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ní irú ìlú bẹ́ẹ̀ jákèjádò Nàìjíríà, ọmọ ìkókó lè kú sínú ilé, kí wọ́n sì sin ín, láìsí pé dókítà kankan kọ ohun tí ó pa á sílẹ̀. Òfin Ìjọba Ológun nọ́ńbà 69 ti ọdún 1992 sọ fíforúkọ ìbí àti ikú sílẹ̀ di dandan, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ikú ni kò dé inú ìwé ìjọba. Ohun tí ó ṣẹ́kù lẹ́yìn irú ikú bẹ́ẹ̀ kò ju ìròyìn lọ: ohun tí ìyá ọmọ fi ojú ara rẹ̀ rí, ohun tí àwọn àgbà ilé sọ, àti orúkọ tí wọ́n pe àìsàn náà.

Ìròyìn yìí ni àwọn onímọ̀ ètò ìlera ń gbà sílẹ̀ tí wọ́n sì ń yí padà sí dátà elétò, kí kọ̀ǹpútà lè fi ṣe ìdájọ́ lórí ohun tí ó ṣeé ṣe kí ó pa ọmọ náà. Iṣẹ́ yìí yóò máa pe ọ̀nà náà ní ìtọpinpin ikú nípa ìròyìn ẹnu. Ohun tí iṣẹ́ náà fẹ́ fi hàn ni pé, nígbà tí ìròyìn bá jẹ́ ti Yorùbá, ibi tí àṣìṣe ti máa ń wọlé jù lọ kì í ṣe inú ìṣirò kọ̀ǹpútà. Ó máa ń wọlé ṣáájú ìyẹn, ní àkókò tí ẹni tí ń bi ìyá ọmọ léèrè bá sọ gbólóhùn Yorùbá di nọ́ńbà tàbí di ‘bẹ́ẹ̀ ni’ àti ‘bẹ́ẹ̀ kọ́’. Ohun tí ó bá sọnù níbẹ̀, kò sí ìṣirò tí ó lè wá a rí mọ́.

2.0 Ìtàn Ọ̀nà Náà ní Ṣókí

Ọ̀nà yìí kì í ṣe tuntun pátápátá. Ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, àwọn arúgbó obìnrin kan wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti dé ilé olóògbé, kí wọ́n bi ará ilé léèrè, kí wọ́n sì jábọ̀ ohun tí ó fa ikú. Inú irú àkójọ ìjábọ̀ wọ̀nyí ni John Graunt ti mú ìwé rẹ̀ jáde ní 1662, tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ kà sí ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ nípa iye ènìyàn. Ní nǹkan bí ọdún 1960 sí 1970, àwọn olùwádìí ní Narangwal, ní ilẹ̀ Íńdíà, sọ irú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò bẹ́ẹ̀ di ìlànà ìmọ̀ ìjìnlẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé náà wá gbé ìwé ìbéèrè kan ṣoṣo kalẹ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè, wọ́n sì ti tún un ṣe ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, pàápàá ní 2012 àti 2016.

Ilẹ̀ Yorùbá kò ṣàìní ipa nínú ìtàn tí ó súnmọ́ èyí. Láàárín ọdún 1950 sí 1960 ni dókítà David Morley, tí ó wà ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, ṣe ìwádìí rẹ̀ lórí àwọn ọmọdé ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Ibẹ̀ ni káàdì tí a fi ń kọ ìwọ̀n ọmọ sílẹ̀ lóṣooṣù ti gbilẹ̀ kí ó tó tàn ká ayé. Káàdì náà jẹ́ ọ̀nà láti fi sọ ọ̀rọ̀ tí ìyá lè sọ lẹ́nu, pé ọmọ ń rù tàbí ó ń sanra, di ìlà tí ojú lè rí.

Ní ọdún 2014, Àjọ Ètò Ìkànìyàn Nàìjíríà àti àwọn olùwádìí láti yunifásítì Johns Hopkins padà lọ sí àwọn ilé tí ìwádìí àgbà lórí ìlera, èyí tí a ṣe ní 2013, ti fi hàn pé ọmọ kú níbẹ̀. Wọ́n béèrè bí ikú náà ṣe ṣẹlẹ̀, wọ́n sì lo ìlànà àwọn onímọ̀ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé àti ìdájọ́ àwọn dókítà láti mọ ohun tí ó fà á. Irú àbájáde bẹ́ẹ̀ ni ìjọba ń wò kí ó tó pinnu ibi tí abẹ́rẹ́ àjẹsára, oògùn ibà àti àwọn agbẹ̀bí yóò lọ. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí a fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ nípa bí gbólóhùn ṣe ń di dátà.

3.0 Bí Kọ̀ǹpútà Ṣe Ń Ṣe Ìdájọ́

3.1 Ìròyìn Kan

Kí àlàyé lè yé ni, ẹ jẹ́ kí a mú ìròyìn kan tí a ṣẹ̀dá fún àpẹẹrẹ, irú èyí tí ìyá kan ní Ògbooro lè sọ:

‘Ọjọ́ ọjà ni mo bí i. Ó ké dáadáa, ó sì mu ọmú. Nígbà tí ó di ọjọ́ kẹfà, ẹnu rẹ̀ ò là mọ́, gìrì gbé e. Ọjọ́ keje ni ó padà. Omi ló dànù, agbè ò fọ́.’

Gbólóhùn díẹ̀ ni wọ̀nyí, ṣùgbọ́n ohun tí ìwé ìbéèrè ń wá ni ọjọ́ orí ọmọ ní nọ́ńbà. Bóyá ó ké nígbà tí wọ́n bí i. Bóyá ó mu ọmú, àti ọjọ́ tí ó dáwọ́ dúró. Bóyá ó ní gìrì. Bóyá ara rẹ̀ gan. Bóyá ara rẹ̀ gbóná. Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ní àyè tirẹ̀. Bí gbogbo àyè bá kún tán ni a tó lè sọ pé ìròyìn ti di dátà elétò.

3.2 Ìṣirò Náà

Ọ̀kan nínú àwọn ètò kọ̀ǹpútà tí a mọ̀ jù fún iṣẹ́ yìí ni InterVA, tí Peter Byass àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ gbé jáde ní 2003 lẹ́yìn tí wọ́n dán an wò ní Vietnam. Ìpìlẹ̀ rẹ̀ ni ìlànà ìṣirò Bayes. Ètò náà ní ohun méjì lọ́wọ́ kí ìròyìn tó dé: bí àìsàn kọ̀ọ̀kan ṣe wọ́pọ̀ tó láàárín àwọn tí ó kú, àti bí àmì kọ̀ọ̀kan ṣe máa ń bá àìsàn kọ̀ọ̀kan rìn tó. Bí àmì kan bá wọlé, ó ń sọ agbára àìsàn kan di púpọ̀, ó sì ń dín ti òmíràn kù.

Àpẹẹrẹ kékeré yóò fi í hàn. Nọ́ńbà inú rẹ̀ kì í ṣe ti ìwádìí kankan. A mú wọn fún àlàyé nìkan. Ká ní nínú ikú 100 láàárín àwọn ọmọ ìkókó, kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ fa 20, ipá, ìyẹn àrùn tí ń mú kí ara gan, sì fa 5. Ká ní àmì gìrì hàn lára ọmọ 2 nínú 10 tí kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ pa, àti 8 nínú 10 tí ipá pa. Bí a bá sọ 20 di ìlọ́po 2 nínú 10, ó di 4. Bí a bá sọ 5 di ìlọ́po 8 nínú 10, òun náà di 4. Wọ́n ṣe ọgba. Bí ohun tí a kọ sílẹ̀ bá jẹ́ ‘gìrì’ nìkan, kọ̀ǹpútà kò mọ èwo ni kí ó mú.

Ẹ wá wò ó bí a bá fi àmì kejì kún un: ọmọ mu ọmú dáadáa kí ó tó dáwọ́ dúró. Ká ní èyí rí bẹ́ẹ̀ fún 5 nínú 10 ní ti kòkòrò ẹ̀jẹ̀, àti 9 nínú 10 ní ti ipá. Agbára wọn di 2 àti 3.6. Bí àmì kẹta bá dé, pé ara ọmọ gan, tí ó jẹ́ 1 nínú 10 fún àkọ́kọ́ àti 8 nínú 10 fún èkejì, wọn di 0.2 àti 2.88. Ipá ti gba nǹkan bí ìpín 94 nínú 100. Ìbéèrè kan ṣoṣo nípa ara gígan ni ó gbé e láti nǹkan bí ìpín 64 dé ibẹ̀.

Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ti orí ìwé lásán. Abẹ́rẹ́ tí a ń fún aboyún àti gígé ìwọ́ ọmọ pẹ̀lú ohun tí ó mọ́ ni wọ́n ń dènà ipá. Bí ikú tí ipá fà bá ń bọ́ sí abẹ́ orúkọ mìíràn, ìwé yóò fi hàn pé abẹ́rẹ́ ń dé ọwọ́ gbogbo aboyún, nígbà tí kò dé Ògbooro.

3.3 Kíka Ìròyìn Fúnra Rẹ̀

Ọ̀nà mìíràn tún wà, tí a ń pè ní Tariff, tí ó lè lo àwọn ọ̀rọ̀ inú ìròyìn fúnra wọn. Ètò náà ń ka àwọn ọ̀rọ̀ tí ó hàn nínú ìròyìn, ó sì ń wo àìsàn tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan máa ń bá rìn. Ìwádìí tí wọ́n fi kọ́ ètò yìí kó ìròyìn ikú tí ó lé ní 12,000 jọ láti Íńdíà, Philippines, Mexico àti Tanzania. Kò sí ibì kankan ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láàárín wọn. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ bíi ‘gìrì’ tàbí ‘èéyi’ kò sí nínú ohun tí a fi kọ́ ọ. Ó di ìgbà tí ẹnì kan bá túmọ̀ wọn kí ètò náà tó lè rí wọn.

4.0 Ibi tí Ọ̀rọ̀ Yorùbá ti Ń Ta Kókó

4.1 Ìkà Ọjọ́

Nínú ìṣirò Yorùbá, ọjọ́ tí nǹkan bẹ̀rẹ̀ ni ọjọ́ kìn-ín-ní. Ọjọ́ méjì sẹ́yìn ni à ń pè ní ìjẹta, bẹ́ẹ̀ ẹ̀ta ni ó wà nínú orúkọ náà. Ọjà tí à ń ná ní ọjọ́ márùn-ún márùn-ún ni Òyìnbó ń kà sí ọjọ́ mẹ́rin. Ìtàdógún, tí ó jẹ́ ọjọ́ kẹtàdínlógún fún Yorùbá, jẹ́ ọjọ́ 16 ní ìṣirò Òyìnbó, nítorí pé ó jẹ́ ọ̀nà mẹ́rin ní ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin.

Ìlànà àgbáyé, ní tirẹ̀, ń ka ọjọ́ tí ó pé. Ọjọ́ ìbí ni òdo. Ọmọ tí ó kú kí ọjọ́ 7 tó pé wà ní ìsọ̀rí àkọ́kọ́. Èyí tí ó kú láti ọjọ́ 7 títí dé 27 wà ní ìsọ̀rí kejì. Ọmọ inú àpẹẹrẹ yìí kú ní ‘ọjọ́ keje’, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ọjọ́ 6 ni ó pé. Bí olùbéèrè bá kọ 7 sílẹ̀ bí ó ti gbọ́ ọ, ọmọ náà ti bọ́ sí ìsọ̀rí kejì. Ikú ìsọ̀rí àkọ́kọ́ ni ó sábà máa ń tọ́ka sí ìtọ́jú nígbà ìrọbí àti ìbímọ. Ti èkejì sì sábà máa ń tọ́ka sí àìsàn tí ó ran ọmọ lẹ́yìn ìbí. Ọjọ́ kan péré lè yí ẹ̀kọ́ tí ìjọba yóò rí kọ́ padà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìyá tí ó bá sọ pé ọmọ kú ‘lọ́jọ́ ìkómọ’. Ọjọ́ kẹjọ ni púpọ̀ ènìyàn ń sọ ọmọ lórúkọ lóde òní. Ọjọ́ 7 ni ó pé, kì í ṣe 8.

4.2 Orúkọ Àìsàn

Orúkọ àìsàn lẹ́nu ará ilé kì í ṣe àmì, ìdájọ́ ni. Ẹni tí ó sọ pé gìrì ni ó pa ọmọ ti parí ìtọpinpin tirẹ̀. Gìrì lè jẹ́ ti ibà líle, ó lè jẹ́ ti ipá, ó sì lè jẹ́ ti àrùn inú ọpọlọ. ‘Ibà’ pẹ̀lú ń dúró fún ara gbígbóná lásán àti fún àìsàn tí ẹ̀fọn ń fà. Bí a bá kọ ibà sí àyè ara gbígbóná, a kò ṣìnà púpọ̀. Bí a bá kọ ọ́ sí àyè àìsàn ẹ̀fọn, a ti bá kọ̀ǹpútà dájọ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

Ní ìdà kejì ẹ̀wẹ̀, èdè Yorùbá máa ń pín àmì sí wẹ́wẹ́ ju bí ìwé ìbéèrè ti fẹ́ lọ. Ọmọ tí ń mí lókèlókè kò rí bákan náà pẹ̀lú èyí tí ń mí gúlegúle. Ìyá tí ó sọ pé àwùjẹ̀ orí ọmọ jìn ti sọ àmì pàtàkì nípa omi ara tí ó gbẹ, bí olùbéèrè bá mọ̀ pé ìdáhùn ni. Bí kò bá mọ̀, yóò tẹ̀ síwájú lọ bi í ní ohun tí ìyá náà ti sọ tẹ́lẹ̀.

4.3 Àdàpè

Yorùbá kì í sọ̀rọ̀ ikú ọmọ ní gbangba. Ọmọ ‘padà’, tàbí ó ‘lọ’. Òwe tí ìyá inú àpẹẹrẹ náà fi kádìí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìtùnú: ọmọ kú, ṣùgbọ́n ìyá wà láàyè, yóò sì tún bí. Ṣùgbọ́n òwe yìí kan náà ni a lè pa fún ẹni tí ọmọ rẹ̀ kú sínú oyún, fún ẹni tí ó bí òkú ọmọ, àti fún ẹni tí ọmọ rẹ̀ lo ọjọ́ mẹ́fà. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nínú dátà. Gbólóhùn náà, ‘ó ké dáadáa’, ni ó ya ọmọ yìí sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tí kò wá sáyé láàyè rárá. Bí olùbéèrè bá fò ó, ọmọ tí ó gbé ayé lè di ẹni tí kò gbé e rí.

A kì í sì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ìbéèrè nípa iye ọmọ tí ó ti kú lè mú kí ìyá dákẹ́, tàbí kí ó dárúkọ àwọn tí ó wà láàyè nìkan. Ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ kì í ṣe òdo.

4.4 ‘Bẹ́ẹ̀ ni’

Bí a bá bi ìyá pé, ‘Ṣé ara rẹ̀ kò gbóná?’, tí ó sì dáhùn pé, ‘Bẹ́ẹ̀ ni,’ ohun tí ó ń sọ ni pé lóòótọ́ ara ọmọ kò gbóná. Olùbéèrè tí ó ń kánjú lè tẹ ‘bẹ́ẹ̀ ni’ sí àyè ara gbígbóná. Àmì tí kò sí ti di èyí tí ó wà.

Ọ̀rọ̀ ‘n kò mọ̀’ ní wàhálà tirẹ̀. Àwọn ẹ̀dà InterVA kan, bíi ti 2012, ń lo ‘bẹ́ẹ̀ ni’ nìkan fún ìṣirò. ‘Bẹ́ẹ̀ kọ́’ àti ‘n kò mọ̀’ kò yàtọ̀ lójú wọn. Àwọn ètò tí ó tẹ̀ lé e, bíi InSilicoVA, fi ìyàtọ̀ sí i. Níbi tí ìyàtọ̀ bá ti wà, ìyá tí ó bọ̀wọ̀ fún àlejò tí ó sì dáhùn ‘bẹ́ẹ̀ kọ́’ dípò ‘n kò mọ̀’ ti yí ìdájọ́ padà.

4.5 Àkọtọ́

Ìjọba fọwọ́ sí àkọtọ́ Yorùbá òde òní ní 1974, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ohun tí a ń tẹ̀ sórí fóònù kò ní àmì ohùn, kò sì ní àmì ìsàlẹ̀. Fún ìwé ìròyìn, òǹkàwé lè fi òye gbé e. Kọ̀ǹpútà tí ń ka ọ̀rọ̀ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ìdánilójú. ‘O n mi’ lè jẹ́ ọmọ tí ń mí, ó sì lè jẹ́ ọmọ tí ń mì. Àmì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni méjèèjì. ‘Igbe’ lè jẹ́ igbe tí ọmọ ké, ó sì lè jẹ́ ìgbẹ́ tí ó yà. ‘O n bi’ lè jẹ́ èébì ọmọ, ó sì lè jẹ́ ìyá tí ń bímọ.

5.0 Ohun tí Ó Yẹ ní Ṣíṣe

Láti inú àlàyé òkè yìí, àbá márùn-ún jáde.

(i) Kí a kọ gbólóhùn ìyá ọmọ sílẹ̀ gan-an bí ó ti sọ ọ́, pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, kí a tó kún àyè kankan. Kí gbólóhùn náà sì wà pẹ̀lú dátà títí, kí ẹlòmíràn lè yẹ iṣẹ́ náà wò.

(ii) Kí a má ṣe béèrè ọjọ́ orí ní nọ́ńbà nìkan. Kí a béèrè ọjọ́ tí wọ́n bí i àti ọjọ́ tí ó kú, ìbáà jẹ́ ọjọ́ ọjà, Jímọ́ọ̀ tàbí ọjọ́ Ìsinmi, kí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ṣe ìyọkúrò.

(iii) Kí orúkọ àìsàn kọ̀ọ̀kan di ìbéèrè nípa àmì. Ẹni tí ó bá pe gìrì, kí a bi í bóyá ara gan, bóyá ara gbóná, bóyá ẹnu là, àti ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀.

(iv) Kí gbogbo ìbéèrè wà láìsí ‘kò’ nínú wọn, kí ‘n kò mọ̀’ sì ní àyè tirẹ̀.

(v) Kí a ṣe àkójọ ọ̀rọ̀ àìsàn àti àdàpè ikú láti Òkè-Ògùn àti láti àwọn ẹ̀ka èdè mìíràn, pẹ̀lú àwọn àmì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè dúró fún.

Ẹnì kan lè sọ pé dókítà ni kí ó máa ka àwọn ìròyìn náà, kí a fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀. Àwọn dókítà lè rí ohun tí ẹ̀rọ kò rí, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n dókítà méjì lè ka ìròyìn kan kí ìdájọ́ wọn yàtọ̀, wọn kò sì pọ̀ tó láti fi ìtọ́jú alààyè sílẹ̀ fún kíka ìròyìn òkú. Ẹlòmíràn lè sọ pé àbá wọ̀nyí yóò mú kí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò gùn, fún ìyá tí ọgbẹ́ ọkàn rẹ̀ kò tíì jinná. Èyí wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìdáhùn tí ó wà ni pé fífi etí sí ìyá kí ó sọ tirẹ̀ tán dín ìbéèrè kù, nítorí ọ̀pọ̀ àyè ni ìròyìn rẹ̀ yóò ti kún.

6.0 Ìkádìí

Iṣẹ́ yìí ti ṣàlàyé bí ìròyìn ẹnu nípa ikú ọmọdé ṣe ń di dátà elétò, àti bí kọ̀ǹpútà ṣe ń fi dátà náà ṣe ìdájọ́. Ó ti fi hàn pé ìkà ọjọ́, orúkọ àìsàn, àdàpè, ìdáhùn sí ìbéèrè àti àkọtọ́ ni ojúbodè márùn-ún tí ìtumọ̀ ti lè sọnù. Iṣẹ́ onímọ̀ èdè ni láti ṣọ́ ojúbodè wọ̀nyí. A kò lè fi í sílẹ̀ fún onímọ̀ ìṣirò nìkan. Ọmọ inú àpẹẹrẹ yìí lo ọjọ́ mẹ́fà ó lé díẹ̀ láyé. Bí a bá gbọ́ ìyá rẹ̀ yé, ikú rẹ̀ lè mú kí abẹ́rẹ́ dé apá aboyún mìíràn. Bí a kò bá gbọ́ ọ yé, nọ́ńbà kan ni yóò jẹ́, ní ìsọ̀rí tí kì í ṣe tirẹ̀.